Níbo Ni Yóò Dúró? Fífi Ààlà Tòótọ́ sí Ìrìn Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Nínú CAD

Ya tírélà típà kékeré kan sínú ètò CAD (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ), fi jóìntì (ohun tó ń so ẹ̀yà méjì pọ̀, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n rìn) so bọ́dì rẹ̀ mọ́ ṣaṣí, kí o wá fi máòsì fa bọ́dì náà sókè. Kò ní dúró. Yóò yí po bí abẹ fáànù, yóò gba inú ṣaṣí kọjá bí ẹni gba inú èéfín, yóò sì yọ ní òdì kejì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé irin kì í wọ inú irin. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé ihò méjì wà lórí ìlà kan náà. Ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró, àfi kí o sọ ọ́ fún un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ibi tí a ti ń kọ ààlà, wọ́n á kọ 0 àti 45 síbẹ̀, wọ́n á fa bọ́dì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó tán. Ṣùgbọ́n ta ló ní 45? Bí jáàkì tí wọ́n fẹ́ rà kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Àwòrán yóò máa sọ pé kò sí wàhálà títí di ọjọ́ tí wẹ́dà bá jó irin tán. Ìlànà kan ṣoṣo la ó tẹ̀ lé níbí: nọ́ńbà ààlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní irin tó ni ín. Bí o kò bá lè nawọ́ sí irin, rọ́bà tàbí fáálùfù tó ń dá ìrìn náà dúró, má kọ nọ́ńbà kankan síbẹ̀.

FreeCAD la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé láti ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni apá Assembly (ibi tí a ti ń so ẹ̀yà pọ̀) ti wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a ń wá àfikún kiri. Ẹni tó ń lo SolidWorks, Fusion tàbí Inventor yóò rí tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Kọ ohun tó ń dá a dúró sílẹ̀ ná

Kí o tó tan kọ̀ǹpútà, mú bírò, kí o kọ gbogbo ohun tó lè dá ìrìn náà dúró lójú ayé. Fún tírélà típà tó ní jáàkì háídrọ́líìkì kan lábẹ́ bọ́dì, àwọn nìyí:

- Rọ́bà orí ṣaṣí tí bọ́dì ń jókòó lé nígbà tó bá wálẹ̀. Òun ló ni 0 dígírì.
- Ìdí páìpù jáàkì, níbi tí písítìnì (ìdí ọ̀pá tó ń rìn nínú páìpù) kò ti lè wọlé mọ́.
- Ìdérí orí páìpù jáàkì, níbi tí písítìnì yóò ti kọlu irin bí ọ̀pá bá yọ tán.
- Fáálùfù tó ń gé ọ́ìlì kí ọ̀pá tó yọ dé òpin. Ọ̀pọ̀ típà ní in, torí pé kò dára kí ìdérí jáàkì máa gba gbogbo agbára ọ́ìlì nígbàkígbà tí a bá gbé ẹrù sókè.
- Apá bọ́dì tó yọ sẹ́yìn hínjì. Bí iwájú ti ń lọ sókè ni ẹ̀yìn ń lọ sílẹ̀, ó lè kan ìrù ṣaṣí tàbí ilẹ̀.
- Họ́ọ̀sì ọ́ìlì, tó lè fà le kí ọ̀pá tó parí ìrìn rẹ̀.

Ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ìrìn yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Òun ni ààlà. Àwọn yòókù kì í ṣe ààlà, ohun tí a ní láti yẹ̀ wò ni wọ́n. Nínú típà tiwa, bí bọ́dì bá ń bọ̀ nílẹ̀, rọ́bà ni yóò kọ́kọ́ bá. Bó bá ń lọ sókè, fáálùfù ni, bí kò bá sì sí fáálùfù, ìdérí jáàkì ni.

Àwọn nọ́ńbà

Fi àárín píìnì hínjì ẹ̀yìn ṣe 0,0. Píìnì ìsàlẹ̀ jáàkì, tó wà lára ṣaṣí, jẹ́ 500 mm síwájú hínjì àti 400 mm nísàlẹ̀ rẹ̀. Píìnì òkè, tó wà lára bọ́dì, jẹ́ 1100 mm síwájú àti 50 mm lókè nígbà tí bọ́dì bá tẹ́jú. Àlàfo àárín píìnì méjèèjì jẹ́ 600 ní ìbú àti 450 ní òró, èyí tó túmọ̀ sí 750 mm gbọnrangandan.

Jáàkì tí a fẹ́ lò gùn ní 740 mm láti píìnì dé píìnì nígbà tó bá pa dé, ọ̀pá rẹ̀ sì ń yọ 500 mm. Nígbà tó bá yọ tán, ó di 1240.

Wo 740 àti 750 yẹn dáadáa. Nígbà tí bọ́dì bá jókòó, ọ̀pá ti yọ 10 mm tẹ́lẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: rọ́bà ló yẹ kó gbé bọ́dì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kò yẹ kí ìdí jáàkì gbé e. Bí àlàfo yìí bá pòórá, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yóò máa lu jáàkì.

Bí bọ́dì bá gòkè, gígùn jáàkì (L) ní igun θ kọ̀ọ̀kan ń jáde láti inú ìlànà igun mẹ́ta:

L² = 1622500 − 1410143 × cos(41.26° + θ)

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àlàfo hínjì sí píìnì ìsàlẹ̀ tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, tí a ro pọ̀ mọ́ ti píìnì òkè. Èkejì ni àlàfo méjèèjì tí a sọ di púpọ̀ mọ́ ara wọn, tí a tún sọ di ìlọ́po méjì. 41.26 ni igun tó wà láàárín àlàfo méjèèjì nígbà tí bọ́dì tẹ́jú. Ohun tó ń jáde nìyí:

0° : 750 mm
15° : 916 mm
30° : 1081 mm
44° : 1227 mm
45° : 1237 mm

Ní 1240, níbi tí irin ti ń kan irin nínú jáàkì, igun jẹ́ 45.3°. Nítorí náà ẹni tó kọ 45 kò ṣìnà púpọ̀, ṣùgbọ́n 3 mm péré ló kù fún un kí písítìnì tó kọlu ìdérí. Ìyẹn kéré jù. Bí a bá to fáálùfù kó gé ọ́ìlì nígbà tí ọ̀pá bá yọ 487 mm, bọ́dì yóò dúró ní 44°, 13 mm yóò sì ṣẹ́ kù. Dígírì kan tí a pàdánù yẹn kò dun ẹnikẹ́ni: yanrìn gbígbẹ ti máa ń ṣàn fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 34°. Amọ̀ tútù ló ń lẹ̀ mọ́ bọ́dì, dígírì kan kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣí i.

Síso àwọn ẹ̀yà pọ̀

1. Ya ẹ̀yà mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣaṣí, bọ́dì, páìpù jáàkì, ọ̀pá jáàkì. Bí o bá gba fáìlì jáàkì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó ṣeé ṣe kí páìpù àti ọ̀pá jẹ́ irin kan ṣoṣo nínú fáìlì náà. Gé wọn sí méjì. Ya ihò inú páìpù àti písítìnì pẹ̀lú, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá ní rí wọn lórí àwòrán, torí pé ojú wọn la ó fi wọn ìrìn.

2. Bọ́ sí Assembly, tẹ Create Assembly, kó àwọn ẹ̀yà wọlé, kí o wá fi Toggle Grounded kan ṣaṣí mọ́lẹ̀. Bí o bá gbàgbé èyí, nígbà tí o bá fa bọ́dì, ṣaṣí ni yóò máa yí, ìwọ yóò sì rò pé ààlà rẹ kò ṣiṣẹ́.

3. Fi jóìntì Revolute (yíyí nìkan) sí hínjì ẹ̀yìn, àti òmíràn sí píìnì ìsàlẹ̀ jáàkì. Láàárín páìpù àti ọ̀pá, lo Cylindrical (yíyí àti sísún). Ní píìnì òkè, lo Cylindrical pẹ̀lú.

Kí ló dé tí a kò fi lo Slider (sísún nìkan) láàárín páìpù àti ọ̀pá, tí a kò sì lo Revolute lókè? Ka ìdè wọn, ìyẹn ọ̀nà ìrìn tí jóìntì kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀yà. Ẹ̀yà mẹ́ta ló lè rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ìrìn mẹ́fà (sísún mẹ́ta, yíyí mẹ́ta), àpapọ̀ 18. Revolute àti Slider ń gba márùn-ún márùn-ún lọ́wọ́ ẹ̀yà. Bí o bá lo mẹ́rin irú wọn, ìdè di 20. Ìdè ju ìrìn lọ, síbẹ̀ yóò rìn, torí pé píìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba régí nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí etí irin kan yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìdajì mìlímítà, ètò náà yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò ní ìdè ń tako ara wọn. Cylindrical ń gba mẹ́rin péré. Pẹ̀lú méjì irú rẹ̀, ìdè wálẹ̀ sí 18. Ojú ayé náà nìyẹn: ọ̀pá jáàkì lè yí nínú páìpù rẹ̀, ojú ọ̀pá náà sì ní àyè díẹ̀ láti sún sọ́tùn-ún sósì lórí píìnì. Píìnì ṣì gbọ́dọ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìyẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kò ní pa iṣẹ́ rẹ mọ́.

4. Mú odo ibi tó tọ́. Nígbà tí o bá ń so ọ̀pá mọ́ páìpù, má kàn tẹ etí páìpù kan tó wù ọ́. Tẹ òbìrípo ìdí ihò inú páìpù, kí o tẹ òbìrípo ìsàlẹ̀ písítìnì. Báyìí, 0 túmọ̀ sí pé irin kan irin, 500 sì túmọ̀ sí pé ọ̀pá yọ tán. Nọ́ńbà tí o ń rí lójú kọ̀ǹpútà wá di ohun kan náà tí a kọ sínú ìwé jáàkì. Ẹni tó mú odo rẹ̀ níbòmíràn ni yóò máa ro, tí yóò máa yọ kúrò, tí yóò sì ṣìṣe lọ́jọ́ kan.

Ṣe bákan náà fún hínjì: kí 0° jẹ́ ìgbà tí bọ́dì jókòó lórí rọ́bà. Ránti pé rọ́bà máa ń tẹ̀. Bí o bá yà á ní 20 mm tí ẹrù sì ń tẹ̀ ẹ́ dé 17, ya èyí tó ti tẹ̀, torí òun ni bọ́dì ń bá pàdé.

Fífi ààlà sí i

Kí o tó fi ààlà kankan sí i, fa bọ́dì sí àárín ìrìn rẹ̀, bí 20° tàbí 25°. Kò yẹ kí a fo ìgbésẹ̀ yìí. Bí ọ̀pá bá wà ní 620 nígbà tí o sọ pé kó má kọjá 487, ètò náà yóò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibi tí kò bófin mu. Nígbà mìíràn yóò fo lọ sí ìdàkejì, nígbà mìíràn kò ní rí ojútùú rárá.

Tẹ jóìntì hínjì lẹ́ẹ̀mejì nínú igi ètò (ibi tí orúkọ gbogbo ẹ̀yà àti jóìntì tò sí), wá ibi ààlà, sàmì sí Min angle nìkan, kọ 0. Fi Max angle sílẹ̀ láìsàmì. Lẹ́yìn náà, ṣí jóìntì páìpù àti ọ̀pá, sàmì sí Min length, kọ 0, sàmì sí Max length, kọ 487. Ààlà igun inú jóìntì yìí, má fọwọ́ kàn án. Àwọn jóìntì píìnì méjèèjì kò ní ààlà rárá.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò béèrè ìdí tí a kò fi kọ 44 sí hínjì. Ìdí ni pé kò sí irin kankan ní hínjì tó ń sọ 44. Ọ̀pá jáàkì ló ń dúró, hínjì kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí o bá kọ 487 síbí, tí o tún kọ 44 sọ́hùn-ún, nọ́ńbà méjèèjì ń sọ nípa ìdúró kan náà, wọn kò sì ní bá ara wọn mu régí láé: 487 ń fúnni ní 43.98°. Lónìí ìyàtọ̀ náà kéré. Lọ́la, ẹnìkan yóò sún etí irin ní 30 mm, yóò gbàgbé láti tún hínjì ṣe, 44 tó wà níbẹ̀ yóò sì máa dá bọ́dì dúró nígbà tí jáàkì ṣì ní ìrìn, tàbí kó máa ṣèlérí igun tí jáàkì kò lè dé. Kọ nọ́ńbà sórí ohun tó ń dúró, kí o wá wọn ohun tó ń tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n igun hínjì ni èsì iṣẹ́ rẹ, má sọ ọ́ di àṣẹ.

Fa bọ́dì díẹ̀díẹ̀ dé òkè. Níbi tó bá dúró, wọn igun: ó yẹ kó jẹ́ 44°. Yí 487 sí 500 fún ìgbà díẹ̀, kí o tún fà á: 45.3°. Fà á sísàlẹ̀: 0°, ọ̀pá yóò sì wà ní 10. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí bá yàtọ̀ sí ohun tí bírò rẹ kọ, bírò ni kí o gbà gbọ́, kí o wá jóìntì tí o so mọ́ òbìrípo tí kò tọ́.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Bí nọ́ńbà bá jáde ní −10 dípò 10, jóìntì ń wo òdì ni. Yí ojú rẹ̀ padà pẹ̀lú bọ́tìnì tó wà nínú jóìntì fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ −487 dé 0. Yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ yóò kọ 487 síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, jáàkì á gba inú ìdí ara rẹ̀ jáde.

Bí bọ́dì bá fo láti òkè bọ́ sísàlẹ̀ ṣaṣí lójijì, ìṣòro àwòrán onígun mẹ́ta ni. Gígùn jáàkì kan náà ní ojútùú méjì: ọ̀kan tí bọ́dì wà lókè, ọ̀kan tí ó wà ní ìdàkejì ìlà tó so hínjì pọ̀ mọ́ píìnì ìsàlẹ̀. Bí o bá fi máòsì fà á kíákíá, ètò náà lè mú ojútùú kejì. Min angle 0° tí a kọ sí hínjì ń dí ọ̀nà yẹn, ìyẹn sì jẹ́ èrè kejì tí a rí lára rọ́bà.

Má jẹ́ kí ààlà igun súnmọ́ 180°. Kọ̀ǹpútà kò lè fi ojú ya 190° sọ́tọ̀ kúrò lára −170°, torí ibi kan náà ni wọ́n wà. Ohun tó ń yí ju òbìrípo kan lọ kò sì yẹ kó ní ààlà igun rárá. Wo sítíárìn mọ́tò: ọwọ́ awakọ̀ ń yí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe sítíárìn ló ń dúró, irin eléyín tó ń sún sọ́tùn-ún sósì nísàlẹ̀ ni. So wọn pọ̀ pẹ̀lú jóìntì eléyín, kí o fi ààlà gígùn sí irin ìsàlẹ̀. Sítíárìn yóò dúró fúnra rẹ̀ ní iye ìyípo tó yẹ.

Bí o bá ti kó páìpù àti ọ̀pá sínú àkópọ̀ kékeré tiwọn, kí o tó mú un wá sínú àkópọ̀ ńlá, jáàkì yóò le gan-an bí igi. Kì í ṣe ààlà ló ń ṣe é. Àkópọ̀ kékeré máa ń wọlé gẹ́gẹ́ bí irin kan ṣoṣo. Nínú FreeCAD, wá Rigid lára rẹ̀, sọ ọ́ di false. Nínú SolidWorks, ṣí Component Properties, yí Solve as sí Flexible. Nínú Inventor, tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, mú Flexible.

Ààlà kò rí ohun tó kù

Ààlà tí a kọ yìí ń dá bọ́dì dúró ní 44°, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá nǹkan kan ti kan nǹkan mìíràn ní 31°. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí, torí pé bí ìrìn bá ti dúró níbi tó yẹ, ọkàn á balẹ̀.

Gbé bọ́dì sí 0°, 15°, 30° àti 44°, kí o yẹ nǹkan mẹ́ta wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, ara jáàkì fúnra rẹ̀. Ó fi 36.9° dùbúlẹ̀ nígbà tí bọ́dì jókòó, ó sì dìde dé 77.9° nígbà tí bọ́dì gòkè. Ó fi 41° yí nínú ṣaṣí. Irin ìdábùú kankan tó bá wà lọ́nà rẹ̀ yóò gba ìlù, pàápàá jù lọ orí páìpù, tó tóbi ju ara páìpù lọ. Èkejì, ẹnu họ́ọ̀sì: ya gígùn rẹ̀ ní ipò méjèèjì, ìyẹn nígbà tí bọ́dì jókòó àti nígbà tó gòkè tán, kí o má sì jẹ́ kó tẹ̀ ju ohun tí ìwé họ́ọ̀sì gbà lọ. Ẹ̀kẹta, ìdí bọ́dì. Bí bọ́dì bá yọ 300 mm sẹ́yìn hínjì, etí rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀ ní 208 mm ní 44°. Bí hínjì bá ga ju ilẹ̀ lọ ní 650 mm, 442 ló kù. Ó pọ̀ tó lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n òkìtì yanrìn tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ lè ga jù ú lọ.

Láti mọ̀ dájú pé irin méjì kò wọ inú ara wọn nínú FreeCAD, bọ́ sí apá Part, mú irin méjèèjì, kí o ṣe Intersection. Bí ohun tó jáde bá ṣófo, wọn kò kan ara wọn. Bó bá jáde ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibi tí wọ́n ti kan ara wọn gan-an lo ń wò. Pa á rẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti rí i.

SolidWorks àti Inventor lè wo ìkanra nígbà tí irin ń rìn. Nínú SolidWorks, Move Component ní Collision Detection, bí o bá sì sàmì sí Stop at collision, irin yóò dúró níbi tó ti kan. Má fi gbogbo ẹ̀yà sínú rẹ̀: yan jáàkì àti irin ìdábùú nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà yóò máa fà bí ìgbín. Fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú. Ibi tí ìṣísẹ̀ máòsì bá bọ́ sí nìkan ni ètò ń yẹ̀ wò. Bí ìṣísẹ̀ kan bá ga ju irin pẹlẹbẹ 4 mm lọ, ẹ̀yà lè fo irin náà láìjẹ́ pé ètò rí ìkanra kankan.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí ìkanra rọ́pò ààlà pátápátá? Nígbà tí ó bá jẹ́ pé bí irin ṣe rí ló ń pinnu ìrìn: eyín tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tàbí irin olóbìrípo wíwọ́ tó ń ti ọ̀pá sókè sódò. Fún hínjì àti jáàkì, ààlà nọ́ńbà ló dára jù. Ó yára, ó sì ṣeé kà.

Bí o bá ń lo ètò mìíràn

Fusion: tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí jóìntì, mú Edit Joint Limits. Minimum àti Maximum ní àmì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà o lè fi ẹyọ kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní hínjì. Rest ni ibi tí ẹ̀yà yóò padà sí bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Fi 0° sí i fún bọ́dì.

SolidWorks: ààlà kò sí nínú ìdè lásán. Lọ sí Advanced Mates, mú ìdè Distance tàbí Angle tó ní àyè fún iye tó pọ̀ jù àti iye tó kéré jù. Láàárín ìdí ihò páìpù àti ìdí písítìnì, kọ 0 àti 487. Fún hínjì, ìdè igun yóò béèrè òkè àti ìsàlẹ̀ papọ̀. Kọ 0 sísàlẹ̀, kí o kọ nọ́ńbà tí jáàkì kò lè dé láé sókè, bí 90, kí o má bàa ní ààlà méjì tó ń jà.

Inventor: ààlà wà nínú jóìntì, àti nínú ìdè bákan náà. Drive yóò fúnra rẹ̀ gbé ọ̀pá láti 10 dé 487, ó sì ní àmì fún wíwo ìkanra lójú ọ̀nà. Fún iṣẹ́ báyìí, òun ló rọ̀ mí lọ́rùn jù láti fi yẹ ìrìn wò, torí pé ọwọ́ kì í gbọ̀n bí ti máòsì.

Bí wẹ́dà bá yẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?

Nínú àwòrán, etí irin wà ní 500 àti 400 gan-an. Lórí ṣaṣí, iná á fà á, ọwọ́ á gbọ̀n, yóò yẹ̀. Ààlà tí a ti kọ dáadáa ló ń jẹ́ ká mọ bí ó ṣe lè yẹ̀ tó kí nǹkan tó bàjẹ́.

Sún píìnì ìsàlẹ̀ síwájú ní 10 mm nínú àwòrán, kí o fa bọ́dì wálẹ̀. Jáàkì di 742 mm. Àlàfo 10 mm tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ti di 2. Sún un ní 15: jáàkì yóò fẹ́ di 738, ṣùgbọ́n Min length 0 kò ní jẹ́ kó kéré ju 740 lọ. Bọ́dì kò wá jókòó mọ́. Bó bá gùn ní 2400 mm síwájú hínjì, iwájú rẹ̀ yóò dá dúró lófuurufú ní nǹkan bí 7 mm lókè rọ́bà, gbogbo ìwúwo iwájú á sì wà lórí písítìnì. Ìdí nìyí tí a fi sàmì sí Min length, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà ló yẹ kó kọ́kọ́ dá bọ́dì dúró: ó ń jẹ́ kí àwòrán kígbe nígbà tí rọ́bà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní òkè, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nígbà tí bọ́dì wà ní 44°, jáàkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, 10 mm síwájú kàn ń yí gígùn rẹ̀ padà ní 2 mm péré. Ìṣòro tí ọ̀pọ̀ ń wá lókè, ìsàlẹ̀ ló wà.

Kọ àyè àṣìṣe náà sórí àwòrán iṣẹ́ tí wẹ́dà yóò gbà: 500 ± 3 àti 400 ± 3. Bí méjèèjì bá yẹ̀ sí ọ̀nà tó burú jù lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn 503 síwájú àti 397 nísàlẹ̀, jáàkì yóò jẹ́ 745.8 mm nígbà tí bọ́dì bá jókòó. Àlàfo tó lé díẹ̀ ní 5 mm ṣì wà lábẹ́ písítìnì. Lókè, fáálùfù yóò dá bọ́dì dúró ní 44.3°. Kọ 487 náà sórí àwòrán kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáálùfù, kí ẹni tó ń to ọ́ìlì mọ̀ pé òun ló ni nọ́ńbà yẹn.